Iná Tí Ẹni Tí Ó Ni Ín Kì Í Rí

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti dúró ní Mazamaza rí ní ìrọ̀lẹ́, ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ìdí tí a fi mú kálámù lórí ọ̀ràn kékeré yìí kò ní í ṣòro fún un láti mọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì gígùn tí ń lọ sí Onitsha, Owerri àti Aba ti ń gba èrò; níbẹ̀ ni dáńfó ti ń ya lójijì láti gbé obìnrin kan tí ó na ọwọ́; níbẹ̀ ni alábàárù ti ń gbé ẹrù lé orí, tí ó ń sáré la àárín ọkọ̀ kọjá; àwọn tánkà epo àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti ọ̀nà èbúté jáde sì ń ti Mile 2 bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Marina wá sí Mile 2, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni ó tún kún ẹsẹ̀ tí ó ti wà ní agbègbè náà tẹ́lẹ̀. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wà níwájú kò lè yíjú padà kí ó sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn pé, "Mo fẹ́ dúró o." Fèrè kò lè bá a sọ ọ́, nítorí ará iwájú ni fèrè ń kìlọ̀ fún. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè bá a sọ ọ́ ni iná pupa kékeré tí ó wà ní ìdí ọkọ̀, èyí tí ń tàn yòò nígbà tí a bá tẹ búréèkì.

Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú ọ̀ràn iná yìí ni pé ẹni tí ó ni ín kì í rí i. Iná iwájú, ẹni tí ń gun alùpùpù ń rí i lórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Iná tí a fi ń yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì ń ṣẹ́jú fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí fèrè bá kú, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n iná búréèkì, ẹ̀yìn ni a kàn án mọ́, àwọn ẹlòmíràn ni a sì tìtorí wọn kàn án. Ó lè kú ní oṣù Ẹrẹ́nà kí ẹni tí ó ni ín má mọ̀ títí di oṣù Ọ̀pẹ, bí kò ṣe pé ẹnìkan bá a wò ó, tàbí pé ẹnìkan kọ lù ú.

Àwa ní tiwa, wọ́n kọ lù wá ni.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2011 ni. Ní àkókò náà, òfin ìrìnnà ti ọdún 2012, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi lé àwọn alùpùpù kéékèèké kúrò ní ọ̀nà 475, kò tíì jáde. Àti ọlọ́kadà àti akọ̀wé bí àwa ni a jọ ń du ọ̀nà ńlá náà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ilé wa wà ní Festac, ìlú tí ìjọba kọ́ láti fi gba àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí dé ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. (Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú náà kò mọ̀ pé orúkọ àjọ̀dún ni wọ́n ń pe ìlú wọn.) A ní alùpùpù kékeré kan tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, a sì lọ fi í mú ọmọ wa obìnrin bọ̀ láti ibi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ó jókòó lẹ́yìn wa, ó di aṣọ wa mú, àpò ìwé rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí a ti dé Mazamaza, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọkùnrin kan tí ó gbé àpótí ńlá lé èjìká já sí ojú ọ̀nà níwájú wa láti lọ bá bọ́ọ̀sì ìlà-oòrùn rẹ̀. A tẹ búréèkì ọwọ́, a tẹ ti ẹsẹ̀, ọkọ̀ wa sì dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Dáńfó tí ó wà lẹ́yìn wa kò rí ohunkóhun tí ó sọ fún un pé a ń dúró. Nígbà tí awakọ̀ náà yóò fi mọ̀, ó ti sún mọ́ wa jù; ó tẹ ti tirẹ̀ títí táyà fi ké, síbẹ̀ imú ọkọ̀ rẹ̀ ti ìdí tiwa, ọmọ náà sì ré bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí ó ti na ọwọ́ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́.

Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀ ju ìbínú lọ. Ó ń kígbe pé, "Bàbá, ẹ kò ní iná! Ẹ kò ní iná lẹ́yìn rárá o!" Àwa náà kígbe mọ́ ọn pé, "Ìwọ ọmọ yìí, má purọ́ mọ́ mi! Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ra gílóòbù tuntun!" Òtítọ́ ni a sì ń sọ. Ìyá kan tí ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tí ó ti gbé ọmọ wa mọ́ra kí àwa tí a bí i tó rántí láti ṣe bẹ́ẹ̀, ni ó parí ìjà náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ búréèkì yẹn, kí gbogbo wa wò ó." A ṣí i, a tan iná, a sì tẹ búréèkì. Ó ní, "Ẹ tú u sílẹ̀." A tú u. Ó ní, "Ẹ tún un tẹ̀." Nígbà náà ni ó sọ̀rọ̀ tí a kò gbàgbé títí di òní: "Bàbá, kò tàn o. Kíkú ni ó ń kú. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ń wọlé lọ."

Ojú tì wá. A bẹ awakọ̀ náà, òun náà sì fi dáńfó rẹ̀ gbé wa dé ilé ìwòsàn láì gba kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọwọ́ ọmọ náà fi wà nínú bàńdéèjì líle, ọwọ́ òsì ni ó sì fi kọ ìdánwò ìparí sáà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ wa. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni aládùúgbò wa kan ti sọ fún wa pé iná búréèkì wa kò tàn dáadáa. A lọ ra gílóòbù, a fi sí i, a gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, a rí i pé ó pọ́n díẹ̀, a sì ka ọ̀ràn náà sí èyí tí ó ti parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n tún sọ fún wa, a tún ra òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ra gílóòbù láàárín oṣù méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a kò bèèrè pé kí ni ó ń mú kí gílóòbù tí kò jóná má tàn. Bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí ó ń pààrọ̀ fìlà, ni àwa rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, rewáyà, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbòjò ńlá ní ẹ̀bá ọ̀nà tí kò jìnnà sí ibi ìjàǹbá náà, ni ó kọ́ wa. A ti í lọ bá a ní ọjọ́ kejì, nítorí a kò tún ní ìgboyà láti gùn ún. Ohun kìíní tí ó ṣe ni pé kò fi ọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ìbéèrè ni ó ń bi wá.

"Bàbá, ṣé búréèkì ọwọ́ ni kì í tàn ín ni, tàbí ti ẹsẹ̀?"

A ní a kò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà nínú wọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ó sì ṣàlàyé. Ó ní súwíìṣì méjì ni ó wà fún iná kan ṣoṣo náà. Ọ̀kan kéré bí èékánná, ó fara pamọ́ sí ìdí irin tí a ń fi ìka fà lọ́wọ́ ọ̀tún. Èkejì wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, súpíríǹgì tín-ín-rín kan sì so ó mọ́ irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Èyíkéyìí tí a bá fà nínú méjèèjì ni ó ń jẹ́ kí agbára iná kọjá lọ sí ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí ti ọwọ́ bá ń tan iná tí ti ẹsẹ̀ kò tàn án, gílóòbù kò ní ẹ̀sùn kankan, wáyà ẹ̀yìn kò sì ní. Ẹ̀bi náà wà lọ́dọ̀ súwíìṣì ẹsẹ̀ tàbí wáyà tí ó dé ibẹ̀. Bí ti ẹsẹ̀ bá ń tàn án tí ti ọwọ́ kò tàn án, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá kọ̀, ó ṣòro kí súwíìṣì méjì kú ní ọjọ́ kan náà. Ohun tí wọ́n jọ ń lò ni kí a wò, èyí ni fíúùsì, gílóòbù, àti wáyà.

Ó wá ní kí a tẹ fèrè. Fèrè dún kíkan. Ó ní, "Fíúùsì wà láàyè." Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù kékeré, bátìrì kan náà àti fíúùsì kan náà ni ó ń bọ́ fèrè àti iná búréèkì, bí àwọn méjèèjì bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ wo fíúùsì àti bátìrì kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ kíyè sí i pé títí di àsìkò yìí kò tíì mú sukúdíráfà lọ́wọ́, síbẹ̀ ìdajì ọ̀nà ni ó ti rìn.

Lẹ́yìn náà ni ó tú ìdérí pupa náà. Ó tẹ gílóòbù wọ inú, ó yí i díẹ̀, ó sì yọ ọ́ jáde. Ó gbé e sí ojú oòrùn kí a lè wo inú rẹ̀. Fọ́nrán méjì ni ó wà níbẹ̀: tín-ín-rín kan tí í ṣe wáàtì 5, èyí tí ń tàn ní gbogbo òru kí a má bàa pàdánù nínú òkùnkùn, àti nípọn kan tí í ṣe wáàtì 21, èyí tí ń tàn nígbà tí a bá tẹ búréèkì. Fọ́nrán kan lè já kí èkejì wà, èyí ni ó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: wọ́n rí iná pupa lẹ́yìn, wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó pé. Ó tún fi hàn wá pé eyín kéékèèké méjì tí ó wà lára ìdí gílóòbù náà kò dọ́gba, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Àwọn tí ó ṣe é dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi í sí òdì. Síbẹ̀ àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi tipátipá tì í bọ inú, iná kékeré á sì di ńlá, ńlá á sì di kékeré. Fọ́nrán méjèèjì tiwa pé. Ó ní, "Bàbá, gílóòbù yín kò ṣẹ̀. Àwọn méjì tí ẹ ti kó dànù pàápàá kò ṣẹ̀."

A fẹ́ kí àwọn ìyá àti àwọn ọmọ tí ń ka ìwé ìròhìn yìí lóye ohun tí ó kàn, nítorí kò ṣòro. Agbára iná kò dà bí omi tí a pọn, tí a dà sínú ìkòkò, tí ó parí síbẹ̀. Ó ń lọ, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí ó ti wá. Ó ti ẹnu kan bátìrì jáde, ó gba súwíìṣì, ó la inú fọ́nrán kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí ẹnu kejì bátìrì. Nínú alùpùpù, ara irin ọkọ̀ gan-an ni ó ń lò gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àbọ̀, nípasẹ̀ wáyà kúkúrú kan tí a fi bóòtù dè mọ́ irin. Àwọn rewáyà ń pè é ní earth. Bí ìpẹtà bá wọ àárín wáyà yìí àti irin, ọ̀nà àbọ̀ há. Fọ́nrán kékeré, tí kò béèrè púpọ̀, lè rí ìwọ̀nba tí ó fi ń pọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tẹ búréèkì, tí fọ́nrán ńlá náà sáré wọ ọ̀nà tóóró kan náà pẹ̀lú ohun tí ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ díẹ̀, àwọn méjèèjì á dí ara wọn lọ́wọ́, kò sí èyí tí yóò rí ọ̀nà kọjá dáadáa. Ìdí nìyẹn tí iná wa fi ń kú nígbà tí ó yẹ kí ó yè. Nínú ọkọ̀ tiwa, tí bátìrì ń bọ́ fọ́nrán méjèèjì, àmì yìí kò lè ṣì wá lọ́nà bí a bá mọ̀ ọ́n. Ìyá oníbúrẹ́dì ti sọ àrùn náà lórúkọ láì mọ̀.

Rewáyà náà mú wáyà gígùn kan, ó fi ìdí rẹ̀ kan ẹnu òdì bátìrì, ó sì fi orí rẹ̀ kan ilé irin tí gílóòbù jókòó sí. Ó ní kí a tẹ búréèkì. Iná náà tàn, ó mọ́lẹ̀ gbòò tí a fi ojú pamọ́! Ó yọ wáyà rẹ̀; iná náà wọlé lọ. Ó tún fi kàn án. Ó tún tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe é kí ó lè dá wa lójú. Lẹ́yìn náà ó tọ wáyà ara irin náà lọ títí dé abẹ́ ìjókòó, níbi tí táyà ẹ̀yìn ti ń ta ẹrẹ̀ sí ní gbogbo ìgbà òjò. Bóòtù tí ó dè é ti di àlàpà ìpẹtà. Ẹni tí ó bá ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀sà bí àwa mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa jẹ irin. Ó tú u, ó fi sáńpépà ha ojú wáyà àti ojú irin títí tí wọ́n fi dán, ó dè é padà le, ó sì fi gíríìsì díẹ̀ bò ó kí omi má bàa tún wọ̀ ọ́. Gbogbo iṣẹ́ náà kò tó ìdajì wákàtí. Owó tí ó gbà lọ́wọ́ wa kò tó iye gílóòbù mẹ́ta tí a ti rà.

Kí nìdí tí gílóòbù tuntun fi máa ń dà bí ẹni pé ó wo àrùn náà sàn fún ọjọ́ mélòó kan? Ó ní nígbà tí a bá ń tú ìdérí, tí a ń ti gílóòbù, tí a ń yí i, a ń mi gbogbo wáyà náà ni. Ìpẹtà á fọ́ díẹ̀, irin á sì tún kan irin, títí tí òjò méjì yóò fi tún rọ̀.

Láti ìgbà náà a ti di ẹni tí àwọn ará àdúgbò máa ń pè wo iná ẹ̀yìn wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ìwé ni a kọ́. Díẹ̀ nínú ohun tí a ti rí nìyí. Bí súwíìṣì ọwọ́ ni a bá fura sí, ẹ yọ wáyà méjèèjì tí ó wọ inú rẹ̀, kí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi ẹnu wáyà kan kan ẹnu èkejì. Bí iná ẹ̀yìn bá tàn, súwíìṣì ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá tàn, súwíìṣì kò jẹ̀bi, ẹ máa tọ wáyà lọ. Nínú àwọn ọkọ̀ Honda àti ọ̀pọ̀ àwọn tí a fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe, wáyà aláwọ̀ ewé tí ó ní ìlà òfeefèé lára ni ó ń gbé iná búréèkì lọ sí ẹ̀yìn, èyí tí ó jẹ́ ewé pátápátá sì ni ti ara irin. Ẹ ṣọ́ra o, kí ẹ má fi ẹnu wáyà tí ó ní agbára kan irin ọkọ̀ níbikíbi, fíúùsì ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ti ẹsẹ̀ ni ó ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu jù, nítorí ìsàlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni ó wà. Nígbà mìíràn súpíríǹgì rẹ̀ ti já bọ́ sí ojú ọ̀nà láti oṣù bíi mélòó kan. Nígbà mìíràn ó wà, ṣùgbọ́n ó ti dẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ yóò ti tẹ búréèkì dé òpin kí iná tó ronú pé òun fẹ́ tàn. Náàtì kan wà lọ́rùn súwíìṣì náà tí a fi ń gbé e sókè tàbí tí a fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀: ẹ fi ọwọ́ kan di ara súwíìṣì mú kí ó má yí, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì yí náàtì. Ẹni tí ó bá yí ara súwíìṣì fúnra rẹ̀ yóò lọ́ wáyà inú rẹ̀ já. A rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń bú àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Bí a bá gbé e dáadáa, iná yóò tàn ní kété tí ẹsẹ̀ bá kan irin, kí búréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú táyà.

Òdìkejì rẹ̀ tún burú. Bí a bá gbé e ga jù, tàbí tí irin ẹsẹ̀ kò padà sókè dáadáa, iná náà kì í kú mọ́. Ọ̀pọ̀ ń yọ̀ sí i pé, "Tèmi ń tàn ní tèmi!" Ṣùgbọ́n iná tí ń wí ní gbogbo ìgbà pé òun ń dúró kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò lè mọ ìgbà tí ìdúró yóò dé ní tòótọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń mu bátìrì gbẹ, ooru rẹ̀ a sì máa yọ́ ìdérí ike náà.

Bí gílóòbù bá sì ń jóná ní tòótọ́ lemọ́lemọ́, ẹ má kàn máa rà á bí àwa. Ẹ wò ó bóyá àwo iná ẹ̀yìn ń gbọ̀n nítorí pé rọ́bà tí ó gbé e ti jẹ tán. Bí kò bá gbọ̀n, kí rewáyà fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré. Ọkọ̀ oní-fóòtì 12 tí ara rẹ̀ dá a máa fi nǹkan bíi 14 hàn. Bí ó bá ti ń kọjá 15, ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso agbára iná ti bàjẹ́, gbogbo gílóòbù ọkọ̀ náà ni ó sì wà nínú ewu. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń yọ iná pupa kúrò, tí wọ́n ń fi èyí tí ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ búlúù àti ewé síbẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni, a kò ní ọ̀rọ̀ fún wọn tí olóòtú yóò gbà tẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé a fi iná kan ṣoṣo di ọ̀rọ̀ ńlá. Ní ọdún 1974, ní ìlú San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ John Voevodsky fi iná búréèkì kan kún èyí tí ó ti wà ní ẹ̀yìn takisí 343, ó sì fi àwọn takisí mìíràn sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ìjàǹbá tí ọkọ̀ kọ lu takisí láti ẹ̀yìn dín kù láàárín àwọn tí ó ní iná náà ju ìdajì lọ. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1986 ni òfin ilẹ̀ náà ti fi dandan lé e pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní iná kẹta yìí. Nígbà tí ó di ti gbogbo ayé, tí ojú sì ti mọ́ ọn, àǹfààní rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìjọba wọn kà á sí nǹkan bíi mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní ilẹ̀ tí ó tóbi tó báyẹn kì í ṣe ènìyàn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti ní méjì ni wọ́n ń fi ẹ̀kẹta kún. Alùpùpù, ọ̀kan náà ni ó ní.

Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń rin ju mítà 16 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Nítorí èyí ni a fi ń gba àwọn tí ó lówó rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n lo iná LED: fọ́nrán gílóòbù àtijọ́ gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó tàn tán, LED sì ń yára jù ú lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó fún ẹni ẹ̀yìn ní mítà mẹ́ta sí i. Àyè tí dáńfó náà ń wá ní ọjọ́ náà kò tó mítà mẹ́ta.

Àwọn kan ń tún iná wọn ṣe nítorí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nìkan. A rántí oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé àkẹtẹ̀ líle. Àwọn kan ní ilẹ̀ yìí gbé igbá dé orí, òmíràn sì dé garawa ọ̀dà. Wọ́n fẹ́ tẹ́ òfin lọ́rùn, wọ́n gbàgbé orí. Irú wọn ni ó ń fi ọ̀rá pupa bo ìdérí tí ó fọ́, tí kò sì tún ohunkóhun ṣe lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ ti dàgbà, ó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Bí ọ̀yẹ́ bá fẹ́, ọrùn ọwọ́ náà a máa dùn ún díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń gun alùpùpù nísinsìnyí, alùpùpù ńlá tí àwọn agbẹ́rù ránṣẹ́ ń lò, àpótí ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbé ọjà láti Trade Fair lọ sí Erékùṣù àti sí ibi gbogbo, a sì máa gba Mazamaza kọjá ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní ọjọ́ kan. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àpótí náà gùn kọjá ìdí ọkọ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ gíga kò lè rí iná abẹ́ rẹ̀. A mú kí ó sún un síwájú, ó sì tún lẹ bébà pupa tí ń dán mọ́ ẹ̀yìn àpótí.

Ìyá àwọn ọmọ ni ó fi àṣà kan lélẹ̀ ní ilé wa láti ọdún 2011. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbé alùpùpù kúrò ní àgbàlá kí ẹlòmíràn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, ọmọ náà ti pẹ́, ó ti de àkẹtẹ̀, ó ti ń kọjá ẹnu ọ̀nà, nígbà tí ìyá rẹ̀ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ tí ó sáré tẹ̀lé e.

"Dúró níbẹ̀! Iná rẹ kò kú!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń retí mi ní Trade Fair."

"Mo ní iná rẹ kò kú. O kò tẹ nǹkan kan, ó sì ń tàn. Sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Òjò òru àná ti wọ ìdí irin ẹsẹ̀, kò jẹ́ kí ó padà sókè dáadáa. Ó fọ̀ ọ́, ó ta epo sí i, ó sì mú sípánà, ó yí náàtì náà sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìlàjì. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó ká apá lẹ́yìn ara rẹ̀ bí olùṣọ́ ìdánwò.

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ó tàn. Tú u sílẹ̀."

Ó tú u.

"Ó ti kú. Ọwọ́ ńkọ́?"

Ó fa ti ọwọ́, ó sì tú u.

"Ó dára. Máa lọ."

"Ẹ ṣé, Màmá," ni ó wí, ó sì gba ọ̀nà Mazamaza lọ.